Àyà mi ń já lóru: ṣé a lè dá ẹgbẹ́ orin àdúgbò sílẹ̀ kí ọkàn lè balẹ̀?

Ìyá_Tísà (Ìbàdàn)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Olùkọ́ ni mí, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti tó bí ọdún kan tí ara mi ò ti lélẹ̀ mọ́. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, àyà mi á máa lù kìkìkì, àtẹ́lẹwọ́ mi á tutù. Tó bá di aago 2 òru, oorun á dá lójú mi. Màá wá máa ṣírò owó ilé ìwé, owó gáàsì, owó ilé, títí wọ́n á fi pe ìrun àárọ̀. Mo ti lọ sí ọsibítù. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n yẹ ọkàn mi wò, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi lọ yẹ̀ wò, wọ́n ní àwọn ò rí àìsàn kankan níbẹ̀, pé àìbalẹ̀ ọkàn ni. Dókítà náà kọ́ mi pé kí n máa mí díẹ̀díẹ̀, kí n máa fi ọkàn bá èémí mi lọ bó ṣe ń wọlé tó ń jáde. Ó ní kí n padà wá rí òun.

Ohun tó gbé mi wá síbí ni pé a ṣe òkú ìyá àgbà kan ládùúgbò wa. Àwa obìnrin wà lẹ́yìnkùlé, à ń gé àlùbọ́sà, ni ẹnì kan bá lé orin kan tí ìyá náà fẹ́ràn, a sì gbè é. Bá a ṣe bọ́ sórí òmíràn nìyẹn. Kò sí gbohùngbohùn, kò sí ẹni tó ń wò wá. Mo délé, mo sùn di àárọ̀. Ó wá ń ṣe mí bíi pé ká máa ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ká kàn jókòó, ká kọrin, bóyá ká ní ìlù kékeré kan, kó má jẹ́ ti ìjọ kankan torí Mùsùlùmí àti Kristẹni la jọ ń gbé. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àbí inú mi ló kàn dùn lọ́jọ́ yẹn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀?

Alto_Kejì (Àkúrẹ́)

Àǹtí, ẹ kú ìfaradà. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n kí lẹ tún ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin kún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹ forúkọ sílẹ̀, ẹ máa lọ síbi ìdánrawò, ó parí. Ọjọ́ tí mo bá ti kọrin, orí mi máa ń fúyẹ́.

Tẹ́nọ̀_Àná (Èkó)

Kò parí síbẹ̀ o. Ọdún gbọọrọ ni mo fi kọ tẹ́nọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan níbí, ẹgbẹ́ akọrin yẹn gan-an ló kọ́ mi ní àìsùn. Bí Ìkórè bá ti ku oṣù kan, ìdánrawò di alaalẹ́. Ẹni tó bá pẹ́ dé á san owó ìtanràn. Owó aṣọ lọ́tọ̀, owó bàtà dúdú lọ́tọ̀. Èyí tó burú jù ni pé ọ̀gá akọrin á dá orin dúró láàárín, á ní kí àwa tẹ́nọ̀ máa kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kóun lè mọ ẹni tó ń ba ohùn jẹ́. Ẹ wo bí ọkàn ṣe máa ń lù nígbà tó bá ku ẹnì kan kó kàn ọ́!

Mo fẹ́ràn orin, mo ṣì ń kọ ọ́ dòní nínú mọ́tò. Ohun tí mò ń sọ ni pé orin tí wọ́n fẹ́ gbé síwájú èrò àti orin téèyàn fẹ́ fi tu ara ẹ̀ nínú, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àǹtí, tẹ́ ẹ bá dá tiyín sílẹ̀, ẹ tètè fi ṣe òfin: a ò ní kọrin níbi ìnáwó ẹnikẹ́ni, a ò ní rán aṣọ ẹgbẹ́. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gba ìpè àkọ́kọ́ síbi ìgbéyàwó, ìdánrawò dé nìyẹn, ìjà náà sì dé.

Alto_Kejì

Ọ̀gá akọrin tiyín ni ìṣòro, ẹ má fi ba ẹgbẹ́ akọrin jẹ́. Tiwa ń rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì_Abẹ́òkúta

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, ìtọ́jú àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀ ni iṣẹ́ mi. Ìyá_Tísà, ẹ ṣeun tó jẹ́ pé ọsibítù lẹ kọ́kọ́ lọ. Àìtó ẹ̀jẹ̀ náà máa ń mú kí àyà já, oríṣiríṣi nǹkan ló sì lè fà á, kò dáa kéèyàn dá ara ẹ̀ lẹ́jọ́ nílé.

Ní ti pé ṣé ó ń ṣiṣẹ́, ẹ wo ara ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Èémí ẹ̀ á kúrú, òkè àyà lásán ló máa dúró sí. Ẹ wá wo ẹni tó ń kọrin. Á fa èémí kíá, á wá máa tú u jáde díẹ̀díẹ̀ títí ìlà orin yẹn á fi tán. Títú u jáde fún ìgbà pípẹ́ yẹn gan-an ni dókítà yín ń wá. Iṣan kan wà tó ti inú ọpọlọ gba ọrùn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọkàn àti ikùn, vagus ni wọ́n ń pè é. Bá a bá ti ń tú èémí jáde, iṣan yẹn á máa fa ọkàn ní ìjánu, lílù ẹ̀ á sì rọlẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ní Gothenburg ní Sweden wọn bí ọkàn àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń lù nígbà tí wọ́n jọ ń kọrin, wọ́n sì gbé àbájáde ẹ̀ síta ní 2013. Torí pé ibi kan náà nínú orin ni gbogbo wọn ti ń mí, ọkàn wọn jọ ń yára, ó jọ ń rọlẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe pé inú yín kàn dùn lọ́jọ́ òkú yẹn. Ara yín gan-an ló rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ẹrù dókítà lé orin lórí. Ẹni tó bá ń rò ó pé kóun má sí láyé mọ́, ẹni tí oúnjẹ ò wọ̀ fún mọ́, ẹni tó ń fi ọtí wá oorun, kó lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. UCH, ọsibítù ńlá ti yunifásítì, ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ n'Íbàdàn yín níbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí kẹ́mísìtì kankan ta oògùn oorun fún yín láìsí ìwé dókítà. Tó bá yá, èèyàn ò ní lè sùn láìlò ó mọ́.

Ẹ tún jẹ́ kí n fi tiwa ṣe fọ́nńté díẹ̀. Pé kí ẹni tí ọkàn ẹ̀ dàrú wà láàárín èèyàn, kì í ṣe ohun tá a kọ́ lọ́dọ̀ òyìnbó. Ní ọsibítù ọpọlọ Àrò níbí, ní 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ṣètò pé kí àwọn aláìsàn máa gbé nínú àwọn abúlé tó yí ọsibítù ká, kí mọ̀lẹ́bí wọn kan wà lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú, kí wọ́n sì máa bá àwọn ará abúlé gbé ayé. Ó gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà yẹn, ogiri àti kọ́kọ́rọ́ ni ọ̀pọ̀ ọsibítù ọpọlọ lágbàáyé fi ń ṣètọ́jú.

Díákónì_Ògbómọ̀ṣọ́

Orin, mo fara mọ́ ọn. Èyí tí dókítà kọ́ wọn yẹn, tí wọ́n ń pè ní mindfulness, ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ̀sìn Búdà ni. Kí èèyàn jókòó, kó dijú, kó sọ ọkàn ẹ̀ di òfìfo! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka Bíbélì mọ̀ pé ẹ̀mí àìmọ́ ló máa ń padà wọ ilé tó ṣófo.

Ọmọ_Peckham (London)

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà. Ẹ jẹ́ kí n là á díẹ̀. Ibi tó ti ṣẹ̀ wá, òótọ́ lẹ sọ. Inú àṣàrò àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ni Jon Kabat-Zinn, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, ti mú un nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ àwọn tí ara ń ro láìdáwọ́ dúró, ní ọsibítù yunifásítì kan ní Massachusetts ní 1979. Ṣùgbọ́n kò gbé ẹ̀sìn náà wọ ọsibítù, kò sì sí ẹni tó ní kéèyàn sọ ọkàn di òfìfo. Ohun tí wọ́n ń kọ́ni ni kéèyàn mọ ibi tó wà. Gbọ́ ohun tó ń dún. Mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ wà nílẹ̀. Bí ìrònú bá dé, rí i pé ó dé, má bá a jà, padà síbi tó o wà. Láti 2004 ni NICE, àjọ tó ń tọ́ àwọn dókítà sọ́nà níbí, ti fọwọ́ sí oríṣi kan nínú ẹ̀ fún àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń padà kọlù lẹ́yìn tó ti lọ.

Àǹtí wa, ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Fífi ọkàn bá èémí lọ ò bá gbogbo èèyàn lára mu. Èmi, bí mo bá ti ń ṣọ́ èémí mi, ńṣe ló máa ń ṣe mí bíi pé ó fẹ́ tán, àyà mi á tún wá já ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Obìnrin tó ń darí ẹgbẹ́ orin wa ló ní kí n fi èémí sílẹ̀ jàre, kí n máa gbọ́ ohùn ẹni tó wà lápá òsì mi. Bí mo ṣe gbájú mọ́ ohùn màmá Jàmáíkà kan báyìí nìyẹn, èémí sì tún ara ẹ̀ ṣe láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́.

Dókítà àdúgbò mi ló fà mí lé òṣìṣẹ́ kan lọ́wọ́, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa wá ẹgbẹ́ àdúgbò tó bá èèyàn mu, yálà ti orin, ti ọgbà tàbí ti ìrìn. Ọ̀fẹ́ ni. Wọn ò dán ohùn ẹnikẹ́ni wò kí wọ́n tó gbà á. Wọ́n ti kọ́ orin eré òṣùpá kan lọ́dọ̀ mi, ẹ ò gbọ́ bí àwọn òyìnbó ṣe ń gbè é!

Díákónì_Ògbómọ̀ṣọ́

O ṣeun, ọmọ mi. Sáàmù náà ní ká dúró jẹ́ẹ́, mi ò bá dídúró jẹ́ẹ́ jà. Orúkọ yẹn ni ò wù mí.

Ọmọ_Àyàn (Ọ̀yọ́)

Ẹ kúuṣẹ́ o. Mo rí i pé Ìyá_Tísà ní ìlù kékeré kan. Ìdílé onílù ni wọ́n bí mi sí, ẹ jẹ́ kí n gbà yín lọ́wọ́ ìnákúnàá. Ẹ má ra gángan. Gbogbo èèyàn ló máa ń sáré rà á torí pé ó rẹwà lábíyá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fún ọ̀ṣán, ìyẹn okùn awọ tó yí i ká, ariwo ló máa fi pa, apá á sì máa ro ó. Kékeré la ti ń kọ́ ọ kó tó fọhùn.

Àtẹ́wọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò. Tó bá yá, ẹ wá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ méjì àti agogo kan. Ẹ fún ẹni tí kì í kánjú sọ̀rọ̀ ní agogo.

Ẹ fojú sí ẹni tó ń lu gúdúgúdú nínú ọ̀wọ́ dùndún. Ó gbé e kọ́rùn, ó mú awọ gígùn méjì lọ́wọ́, ohùn kan náà ló ń tẹnu mọ́ bí ìyáàlù ṣe ń sọ tiẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó ń wo ojú ẹ̀, kò sí ẹni tó ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú, ṣùgbọ́n bó bá ṣìṣe, gbogbo ìlù á wó. Bàbá mi ò jẹ́ ká kúrò nídìí ẹ̀ títí ọwọ́ wa fi ń lù ú láìjẹ́ pé à ń rò ó. Bó o bá ronú nípa oúnjẹ alẹ́ báyìí, ìlù á tú ọ fó. Wàá padà síbẹ̀. Tó o bá tún lọ, wàá tún padà. Ohun tí ọmọ Peckham ń ṣàlàyé yẹn náà kọ́? A ò kàn fún un lórúkọ ni.

Nǹkan kékeré kan: ọrùn ọwọ́ la fi ń lùlù, kì í ṣe èjìká. Ẹni tí àyà ń já, èjìká ẹ̀ máa ń gòkè débi etí láìmọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, kó jọ̀wọ́ apá méjèèjì, kó tó tún gbé e.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìlù ló ń fọkàn balẹ̀ o. Ìlù tó yára, ìlù ijó ni, ó ń ru ẹ̀jẹ̀ sókè. Tẹ́ ẹ bá fi bàtá parí ìpàdé lálẹ́, ẹ ò ní sùn, ẹ má sọ pé orin ò ṣiṣẹ́.

Akọ̀wé_Owó (Òṣogbo)

Ẹ má bínú, ẹ kàn ń yí ọ̀rọ̀ po. Owó ló ń dààmú arábìnrin yìí, kì í ṣe èémí. Orin ò san owó ilé ìwé. Tẹ́ ẹ bá máa kó obìnrin ogún jọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dá àjọ níbẹ̀, kí ẹnì kan máa kó lóṣooṣù. Ìyẹn máa fọkàn wọn balẹ̀ ju gbogbo ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yín lọ.

Ìyá_Tísà

Òótọ́ ni, sà, owó ni. Àmọ́ ìṣirò aago 2 òru kò tíì bí kọ́bọ̀ fún mi rí. Tí mo bá sùn, màá lókun tí màá fi wá owó náà lójú ọ̀sán. Ti àjọ yẹn, ẹ má purọ́, ó wù mí díẹ̀.

Alhaja_Wákà (Ìwó)

Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò! Mo bẹ yín lórúkọ Ọlọ́run. Àjọ dáa, mò ń dá a, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó wà láyè tiẹ̀. A mú un wọ àsàlátù wa nígbà kan. Obìnrin kan kó owó tán, ọkọ ẹ̀ ṣàìsàn, kò rí owó dá mọ́. Kì í ṣe olè, ojú ló ń tì í. Bó ṣe kọ̀ tí kò wá mọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀ jù nínú gbogbo wa. Ibi tó yẹ kó sá wá ló di ibi tó ń sá fún. Owó wo la fẹ́ fi san ìyẹn?

Ní ti ìlù, a ò kì í lò ó níbi tiwa. Ohùn nìkan ni, àti àtẹ́wọ́ nígbà míì. Ẹnì kan á lé wákà, a ó gbè é, tó bá yá a ó bọ́ sórí zikr, ìrántí Ọlọ́run, a ó máa fà á jẹ́jẹ́ títí gbogbo ilé á fi dà bí ẹnì kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, a ó dákẹ́. Ẹ má fojú di dídákẹ́ yẹn. Ẹlòmíì á fẹ́ sáré kí sáà ìkíni bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kó mú sùúrù, kí ara kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ̀sìn yín ò jọra, orin wo lẹ fẹ́ kọ? Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ ti dáhùn kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá kọ ti ṣọ́ọ̀ṣì, àwa á dákẹ́. Tá a bá kọ tiwa, ẹ̀yin á dákẹ́. Orin inú àlọ́ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, àlọ́ àpagbè, ti ìjàpá àti tàwọn orogún. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n láti kékeré, ègbè ẹ̀ kúrú, kò sí ẹni tó máa ní kí wọ́n fún òun níwèé.

Tẹ́nọ̀_Àná

Alhaja, ẹ gbayì. Àlọ́ àpagbè! Kò sí tẹ́nọ̀, kò sí sopránò, elégbè ni gbogbo èèyàn.

Agbẹ̀bí_Manchester

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwọn abiyamọ kún un. Ìwádìí kan jáde níbí ní 2018, wọ́n kó àwọn ìyá tí ìrẹ̀wẹ̀sì dé bá lẹ́yìn ìbímọ jọ, ọ̀sẹ̀ 10 ni wọ́n fi ń kọrin pọ̀ pẹ̀lú ọmọ wọn lọ́wọ́, orin sì wò wọ́n sàn. Ní Gáḿbíà náà, wọ́n bá àwọn ẹgbẹ́ obìnrin akọrin tí wọ́n ń pè ní kanyeleng ṣiṣẹ́ láti ran àwọn aboyún lọ́wọ́. Tí abiyamọ bá wà ládùúgbò yín, ẹ pè é tọmọtọmọ.

Nọ́ọ̀sì_Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun, agbẹ̀bí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe wà. Nínú ìwádìí 2018 yẹn, àwọn tí kò kọrin náà rí ìyàtọ̀ nígbà tí ọ̀sẹ̀ 10 fi pé. Ohun tí orin ṣe ni pé ara àwọn tí tiwọn le tètè yá, láti bí ọ̀sẹ̀ kẹfà. Fún ìyá tó ń tọ́ ọmọ ọwọ́, oṣù kan kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n a ò lè ní orin nìkan ló wò wọ́n sàn. Ìwádìí ti ìlù náà wà, ti 2016 ní London, àwọn tó ń gba ìtọ́jú ọkàn jọ lùlù fún ọ̀sẹ̀ 10, àníyàn wọn àti ìrẹ̀wẹ̀sì wọn dín kù. Àwọn tí wọ́n fi ṣèwádìí náà ò pọ̀ o. Mò ń sọ ìyẹn kí ẹnikẹ́ni má bàa da oògùn nù nítorí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Ìyá_Tísà

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ti bá ọ̀gá ilé ìwé wa sọ̀rọ̀, wọ́n ní ká lo kíláàsì kan lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ. Ìbéèrè méjì ló kù. Bí ẹnì kan bá bú sẹ́kún láàárín orin ńkọ́? Lọ́jọ́ òkú yẹn, ó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n òkú ni, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Èkejì, ọ̀rẹ́ mi kan ní ká máa ya fídíò sórí status kí èèyàn lè mọ̀ pé a wà.

Ọmọ_Peckham (London)

Fídíò kọ́ o, àǹtí. Níbi tiwa, inú báàgì ni fóònù máa ń wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wákàtí kan wa ṣe ń lọ, bóyá á wúlò. A to àga yípo, kò sí iwájú, kò sí ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn kó lè tètè jáde, kò sí ẹni tó máa bi í. A kọ́kọ́ ń pa ẹnu dé, a ó fi imú kùn, pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ lórí àyà. Ẹ dán an wò báyìí níbi tẹ́ ẹ jókòó sí: ẹ ó rí i pé egungun àyà ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́. Ìgbọ̀n yẹn ni wọ́n ní ká máa tẹ̀ lé. Kò sí ẹni tó lè kùn kó ṣi ohùn, nítorí náà ẹni tí wọ́n ti sọ fún ní kékeré pé ohùn ẹ̀ ò dáa á rí ẹnu wọlé. Orin tá a mọ̀ ló máa tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọ̀kan tuntun, díẹ̀ ni. Tó bá kù díẹ̀, a ó tún kùn, ohùn á máa lọ sílẹ̀ títí a ò fi ní gbọ́ ọ mọ́. Tíì àti bisikíìtì ló kẹ́yìn, ẹ má sì yọ ọ́ kúrò, ibẹ̀ ni mo ti mọ orúkọ èèyàn.

Alto_Kejì

Kùn ke? Ẹ̀yin ará London ẹ ò ní pa wá. Àwọn èèyàn máa rò pé ẹ ti bọ́ sínú awo. Ní ti fídíò, tẹ́ ò bá gbé e síta, ta ló máa wá? Ẹ ya ègbè nìkan, ẹ má ya ojú.

Tẹ́nọ̀_Àná

Ojú fídíò àti ojú ọ̀gá akọrin, ìkan náà ni. Tó o bá ti mọ̀ pé wọ́n ń yà ọ́, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í tún ohùn ṣe. Ilé sí ilé ni kí wọ́n fi pe èèyàn, àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé.

Nọ́ọ̀sì_Abẹ́òkúta

Mo wà lẹ́yìn Tẹ́nọ̀ lórí fídíò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ mọ̀ pé ọkàn àwọn ò balẹ̀.

Ní ti ẹkún, ẹ jẹ́ kó sun ún. Ẹ má dá orin dúró, gbogbo ojú á yí sí i tẹ́ ẹ bá dá a dúró. Kí ẹnì kan péré lọ jókòó tì í, kó má bi í ní nǹkan kan, kó kàn na omi sí i. Ẹ má gbọ́wọ́ lé e lórí fún àdúrà àfi tó bá bẹ̀ yín. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún àwọn kan. Tí orin bá parí, kí ẹni náà bi í bóyá ó fẹ́ kí wọ́n sin òun délé. Ohun tó bá sọ, kó má jáde kúrò ní kíláàsì yẹn. Tó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ ló ń sunkún, tí kò sì rọ̀ ọ́ lára, ọsibítù ló kàn, kí ẹnì kan tẹ̀ lé e lọ. Ìyá_Tísà, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni kẹ́ ẹ máa gbé e o, ẹ̀yin náà ni ara yín ò yá. Ẹ wá ẹni kejì tẹ́ ẹ jọ máa darí ẹ̀.

Ẹni tó ní ikọ́ fée, kó mú ẹ̀rọ ìfàsímú ẹ̀ dání, kó máa jókòó níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Ẹ gbá eruku ṣọ́ọ̀kì kúrò ní kíláàsì náà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ_Àyàn (Ọ̀yọ́)

Ilé ìwé lẹ fẹ́ lò, ó dáa. Páànù ló wà lórí ẹ̀? Tó bá jẹ́ páànù ni, agogo máa dún wọn létí gidi. Ẹ fi aṣọ wé orí ọ̀pá tẹ́ ẹ fi ń lù ú.

Ìyá_Tísà

Páànù ni, ẹ ṣeun, n ò bá má rántí. Àǹtí tó ń ta àkàrà níwájú ilé ìwé ti gbà pé ká jọ máa darí ẹ̀, àwọn ló lé orin lọ́jọ́ òkú yẹn. A fẹ́ fi sí ọjọ́ Ẹtì, aago 4.

Alhaja_Wákà (Ìwó)

Ọjọ́ Ẹtì kọ́, ọmọ mi. Àwọn kan ò tíì ní bọ́ lára Jímọ̀, àwọn tiyín náà ń múra ìṣọ́ òru. Ẹ mú un sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kẹ́ ẹ sì parí kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gàríbà.

Ìyá_Tísà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni nígbà yẹn, Alhaja. Ẹni tó bá ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó ti pa tì sílé n'Íbàdàn níbí, kó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi.